Mo Pọ̀n Khiêm Relé

Oṣù Kejìlá, ọjọ́ 9. Chư Prông.

A gbé Khiêm jáde nínú ilẹ̀ lónìí. Kí oòrùn tó yọ la ṣe é, nítorí oòrùn kò gbọdọ̀ kan egungun, síbẹ̀ Lực ní kí n ṣí agbòòrùn bò ó. Mo di agbòòrùn mú títí iṣẹ́ fi parí. Lực, àbúrò olóògbé ọkọ mi, ló wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọtí tí a fi ewé olóòórùn sè ló fi ń fọ̀ ọ́, ó ń tò ó sórí aṣọ pupa láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń dárúkọ ohun tó bá gbé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì ni, kò mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà ṣe é. Nígbà tó gbé agbárí sókè, mo rí eyín iwájú tó kán lọ́jọ́ tó já bọ́ lórí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa. Ọmọ mi ni lóòótọ́. Mo ti rò pé màá sunkún. Mi ò sunkún.

Ọdún mẹ́ta ló fi sùn síbí, láàárín oko kọfí olókọfí. Katakata ló dà lé e lórí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹni ọdún méjìlélógún. Omi ti gé ọ̀nà nígbà náà, wọ́n ti sin ín kí n tó dé.

H'Blinh, ìyá arúgbó ẹ̀yà Jarai tí ilé rẹ̀ wà nítòsí, jókòó sórí igi gbígbẹ, ó ń wò wá. Òun ló ń gbá ojú ibojì náà láti ìgbà náà wá, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ yìí," ó ní, "ẹ kì í jẹ́ kí òkú yín sinmi. Àwa, tó bá ti tó àkókò, a ó pa màlúù, a ó jẹ, a ó mu, a ó kí i pé ó dìgbóṣe, a ó sì fi ibojì sílẹ̀ fún igbó. Ẹ̀yin ń hú tiyín bí iṣu."

"Ilé ló ń lọ, ìyá."

"Ta ló sọ fún un pé ibí kì í ṣe ilé?"

Ó dìde, ó wọlé, ó gbé ìrẹsì tó sè sínú ọparun jáde. Ó ní ti Khiêm ni, kí ebi má pa á lọ́nà.

Ọjọ́ 10.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì méjì ló ti kọ̀ wá. Èkínní rí àpò tí a kó egungun sí, ó rí tùràrí, ó ní kí a máa lọ ní jẹ́jẹ́. Èkejì gba owó, ó bi wá léèrè ohun tó wà nínú àpò, ó dá owó padà, ó tún bu iyọ̀ sí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ lójú wa. Mi ò bá wọn jà. Tí mo bá jẹ́ awakọ̀, bí màá ti ṣe nìyẹn.

Lực ní, "Ìyá Khiêm, alùpùpù ọmọ yìí ṣì wà ní ilé ọ̀gá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó fi ohun ìní rẹ̀ relé."

Ó pa pọ́lọ́ọ̀gì dà, ó pa táyà ẹ̀yìn dà, ó da ọ́ọ̀lì. Ó tàpá sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó wá. Ohùn alùpùpù yẹn ni mo máa ń gbọ́ láti ilé ìdáná tó bá ń ti ọjà bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Đoàn, olórí ẹbí ọkọ mi, tẹ̀ mí láago ní ọ̀sán. "Ẹ rántí Đông Chí o, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí. Tí Đông Chí bá ti kọjá, ọkọ́ kankan ò ní kan ilẹ̀ ẹbí yìí nítorí egungun, ó di ìgbà òtútù ẹ̀ẹ̀mí-ìn." Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní Màmá ń béèrè lójoojúmọ́ ibi tí Khiêm dé. Màmá, ìyá ọkọ mi, ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kí ni yóò máa fi ẹ̀ẹ̀mí-ìn ṣe?

Ọjọ́ 11. Kon Tum.

A gbéra. Lực ló ń wa alùpùpù, èmi jókòó sẹ́yìn, Khiêm wà nínú àpò ní ẹ̀yìn mi. Mo fi aṣọ ọ̀já tí mo mú láti ilé gbà á mọ́ra kí ó má baà máa mì. Ọ̀dọ́bìnrin kan ní ibi tí a ti ra epo wo bí mo ṣe so ó, ó ní, "Ìyá, ọmọ yín mélòó ni?" Mo ní, "Ọ̀kan." Ó na ọrùn kí ó rí ojú ọmọ. Mo yí ẹ̀yìn kúrò.

Ọ̀nà orí òkè la gbà. Ọ̀gbẹ́ni Lực ló ní bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀nà etíkun, afárá lórí afárá ni, a ó máa pe ọmọ títí ohùn á fi há, nítorí gbogbo afárá pátá la gbọ́dọ̀ ti pè é, kí a ju bébà owó òkú àti ìrẹsì díẹ̀ sómi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí omi ni ẹ̀mí rẹ̀ yóò dúró sí. "Odò kì í pọ̀ lórí òkè," ó wí, ó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ.

Ọjọ́ 12. Đắk Glei.

Odò kì í pọ̀ lórí òkè! Tí wọ́n bá ń fi òmùgọ̀ joyè, Lực ì bá ti jọba. Afárá, afárá, afárá. Bébà tí a rà pé yóò délé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohùn mi ti há.

Mo ní, "Àbúrò, odò ò pọ̀ lórí òkè mọ́?"

Ó ní, "Ìyá Khiêm, ẹ má bínú. Mo gbàgbé pé òkè gan-an ló ń bí wọn."

Ní ọ̀sán, a dé ibi ihò omi kan lábẹ́ títì, kò fẹ̀ ju apá méjì lọ. Ó fẹ́ kọjá láìdúró. Mo gbá a léjìká.

"Ṣé èyí náà jẹ́ afárá?"

"Ṣé omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀?"

"Ìtọ̀ màlúù ló ń kọjá lábẹ́ rẹ̀."

"Pè é."

Ó dúró, ó bọ́ akoto, ó kígbe pé, "Khiêm, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìtọ̀ màlúù rèé o! Gbé ẹsẹ̀ sókè kí bàtà má tutù!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìjókòó mú. Lẹ́yìn náà ojú tì mí, èmi tí mo pọ̀n egungun ọmọ mi tí mo ń rẹ́rìn-ín ní gbangba títì. Ṣùgbọ́n Khiêm ni yóò rẹ́rìn-ín jù tó bá gbọ́. Àti kékeré ló ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀kọrọ̀ Lực.

Ọjọ́ 13.

Òjò. Òkè Lò Xo. Ọwọ́ mi ti kú, mi ò lè kọ̀wé.

Ọjọ́ 14. Prao.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. A dé ìlú yìí ní ìrọ̀lẹ́. Obìnrin onílé àlejò ní kí a wọlé, ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ó wá rí aṣọ pupa tó yọ lára àpò. Ó gba kọ́kọ́rọ́ padà. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú, ó kàn ní òun ní ọmọ kékeré. A lọ sí ìsọ̀ kọfí kan tí wọ́n ti ń so ibùsùn aláwọ̀n rọ̀ fún àwọn awakọ̀. Ìyá onítíì ibẹ̀ ò bìkítà. Ó ní a lè so Khiêm kọ́ síbi tó wù wá, kò kúkú ní sanwó. Ó bu tíì fún wa, ó ní, "Ọ̀nà Lò Xo lẹ gbà wá? Afárá pákó ẹsẹ̀ òkè yẹn ńkọ́? Wọ́n ní omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó."

Lực ní, "Afárá wo?"

"Afárá pákó. Èyí tí wọ́n fi di àfo èyí tó wó. Ẹ ò lè débí láìgba orí rẹ̀ kọjá."

Mo wo Lực, Lực wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò yẹn rọ̀, abẹ́ aṣọ òjò rẹ̀ ni mo ki orí sí, bí gbogbo ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ti máa ń ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí láti òkè dé ilẹ̀. Òun náà ní ọkọ̀ agbégi kan wà níwájú, iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ lòun tẹ̀ lé nínú kùrukùru, òun ò rí ohun mìíràn. Ó gbọ́ tí pákó ń dún lábẹ́ táyà. Ó rò pé títì ló bàjẹ́.

Kò sẹ́ni tó pe Khiêm.

Lực bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. "Ìyá Khiêm, ẹ̀yìn yín ló wà. Ẹ so ó mọ́ra. Báwo ni ẹni tí a so mọ́ra ṣe máa ṣẹ́kù sẹ́yìn?"

"Ní àwọn afárá yòókù ńkọ́, ṣé mi ò so ó mọ́ra ni? Kí nìdí tí a fi ń pè é?"

"Tí a bá padà, ọjọ́ kan gbáko ni lílọ, ọjọ́ kan ni bíbọ̀. Òjò ò sì tíì dá. Đông Chí á ká wa mọ́nà. Ẹ mọ Ẹ̀gbọ́n Đoàn."

Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí Lực sọ ló jẹ́ òótọ́. Mo jókòó, mo ń ro ọjọ́ tí Khiêm wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ibikíbi tó bá wù kí ó ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, ojú kan náà ni yóò dúró sí, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sórí, yóò máa dúró dè mí. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo ní tí o bá sọnù, má rìn, dúró, màá wá ọ.

Mo sọ fún Lực pé, "Tí Đông Chí bá fẹ́ ká wa mọ́nà, kó ká wa mọ́nà. Mi ò lè gbé àpò délé kí n sì fi ọmọ sílẹ̀ sínú òjò."

Ó lọ wo ṣéènì.

Ọjọ́ 15.

A padà. A gun gbogbo òkè tí a ti sọ̀. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ Lò Xo, òjò ti dá díẹ̀, a sì rí i kedere: afárá pákó, okùn irin lọ́tùn-ún lósì, omi pupa ń hó lábẹ́ rẹ̀. Tí ìwọ náà bá rí i, o ò ní gbà pé ènìyàn lè gba orí rẹ̀ kọjá kó má mọ̀. Ọkùnrin kan ń da àwọ̀n sómi.

A rékọjá sí òdìkejì, sí ibi tí ó ti yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Mo ju bébà àti ìrẹsì, mo pè. "Khiêm, Màmá rèé. Má bínú, orí mi wà lábẹ́ aṣọ. Ó yá, afárá rèé, tẹ̀ lé mi." Ọkùnrin aláwọ̀n bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì dúró láìmira.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn ín kọjá. Lực ń ti alùpùpù bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò gbọ́ ohùn kankan, mi ò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Lực ń sunkún bí ọmọdé, ikun ń ṣàn lórí irùngbọ̀n rẹ̀. Èmi tí mo ti bú u láti ìjẹta, mo fi etí ọ̀já nu ojú rẹ̀.

Ọjọ́ 16. Khâm Đức.

Òkè ti ya lulẹ̀ ní iwájú. Katakata kan péré ni wọ́n fi ń kó o. Gbogbo ọkọ̀ dúró. Epo ti gbówó lórí, ẹyin ti di góòlù. Obìnrin kan tí ń ta phở, ọbẹ̀ núdù, ní òun á dín owó fún wa nítorí ẹni tí a pọ̀n. Ọbẹ̀ rẹ̀ ò dùn ṣá.

Ọjọ́ 18.

A ṣì wà níbí.

Ọjọ́ 19. A Lưới.

Wọ́n ṣí ọ̀nà láàárọ̀. A sáré. Táyà iwájú jò lẹ́ẹ̀mejì. Bébà owó òkú wọ́n níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó alààyè.

Ọjọ́ 21. Lẹ́yìn Khe Sanh.

Igbó nìkan. Láti àárọ̀, a ò pàdé ju ọkùnrin kan tó ń wọ́ ẹfọ̀n. Lực gbé epo sínú ike mọ́ àárín ẹsẹ̀, ó ní kí n má ṣe dá tùràrí sí ìtòsí òun, kí á má baà di òkú mẹ́ta. Òtútù gún mi dé eegun. Mo fi aṣọ òtútù mi bo àpò, mo sì mọ̀ pé ìwà wèrè ni.

Ọjọ́ 22.

Đông Chí lónìí, ọjọ́ tí òru gùn jù lọ́dún. A ò tíì jáde nínú igbó. Nígbà tí fóònù rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Ẹ̀gbọ́n Đoàn pè.

"Ibo lẹ wà?"

Lực sọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Mi ò bá yín jà. Mi ò lè gbẹ́lẹ̀ mọ́ ni. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí bàbá wa gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn Đông Chí. Ọmọ méjì la sin nínú ẹbí yìí kí ọdún yẹn tó parí, ọ̀kan jẹ́ tèmi. Ẹ gbé e lọ sí pagóda, tẹ́ńpìlì ìlú kejì, wọ́n á bá wa fi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri di ẹ̀ẹ̀mí-ìn."

Ẹ̀gbẹ́ ògiri. Láàárín àpò àwọn àjèjì. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Lực, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ fún olórí ẹbí, àmọ́ mo rántí ọmọ rẹ̀ tó kú. Mo ní, "Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n." Mo dá fóònù padà. Mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́ lónìí.

Ọjọ́ 23. Hương Khê.

Ìyá olóúnjẹ kan gbé àwo ìrẹsì méjì ka iwájú wa, ó wo àpò tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi, ó padà lọ gbé ẹ̀kẹta wá pẹ̀lú igi ìjẹun méjì. Kò tíì béèrè nǹkan kan.

"Ọmọ yín?"

"Ọmọ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lóhùn-ún, lẹ́yìn òkè yẹn, láti ìgbà ogun. Inú ilẹ̀ ibo, a ò mọ̀. Ìyá wa kú láìgbé nǹkan kan pọ̀n. Ẹ jẹun, ìyá. Ẹ ti ṣe bẹbẹ."

Mo jẹun. Láti àná, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí.

Mo fẹ́ kọ ohun kan tí mi ò lè sọ fún Lực. Láti ìgbà tí ó ti ku díẹ̀ ká délé ni mo ti ń gbàdúrà kí nǹkan bàjẹ́ lára alùpùpù. Kì í ṣe nítorí Ẹ̀gbọ́n Đoàn. Tí a bá délé, mi ò ní pọ̀n ọ́n mọ́.

Ọjọ́ 24. Tân Kỳ.

Kò bàjẹ́. Lực mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù.

Ọjọ́ 26. Ilé.

Àná la dé, àárẹ̀ ò jẹ́ kí n lè kọ ọ́.

Ẹni tó kú sí ìta kì í gba ẹnu bodè wọlé, nítorí náà a gba ọ̀nà oko, láàárín ìrẹsì tí wọ́n ti gé, lábẹ́ àwọn òkè òkúta wa. Ẹ̀gbọ́n Đoàn àti àwọn ọkùnrin ẹbí dúró létí itẹ́ òkú wa ní aṣọ funfun. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ti fi kẹ̀kẹ́ akóìrẹsì ti Màmá wá síbẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, orí rẹ̀ nìkan ló yọ.

Ẹ̀gbọ́n gba ọwọ́ mi ní ọwọ́ méjèèjì. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìyá Khiêm, ẹ kú ìrìn. Ẹni pagóda ti ń retí wa."

Kí n tó lanu, Màmá ní, "Pagóda kí ni?"

Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé fún un, ó sún mọ́ etí rẹ̀. Đông Chí ti kọjá, a ò lè gbẹ́lẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ gbẹ́lẹ̀? Tèmi ti gbẹ́."

Ibojì Màmá wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá ọkọ mi. Àtìgbà tó pé ẹni ọgọ́rin ọdún ló ti ní kí wọ́n fi bíríkì mọ ọ́n sílẹ̀ kí òun má baà dààmú ẹnikẹ́ni. Pẹ́pẹ́yẹ ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ń yé sínú rẹ̀.

"Màmá, tiyín ni."

"Mo mọ̀ pé tèmi ni, ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bẹ̀. Ṣé ọkọ́ á kan ilẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ronú, ó mi orí. "Rárá, Màmá. Ọkọ́ ò ní kan ilẹ̀."

"Ó tán. Ẹ lé pẹ́pẹ́yẹ."

"Tí nǹkan bá ṣe yín ńkọ́, kí òtútù mìíràn tó dé?"

"Ìyẹn kan yín. Ẹ tọ́jú mi dáadáa. Láti òní lọ, mi ò ní ibi tí màá kú sí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì di ẹkún kó tó parí. Ẹ̀gbọ́n Đoàn dọ̀bálẹ̀ sínú pòròpóró ìrẹsì níwájú ìyá rẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin.

Lực wá síwájú mi, ó na ọwọ́. Ìyá kì í bá wọn sin òkú ọmọ, ìyá àgbà náà kì í bá wọn lọ. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi. Mo tú ọ̀já. Lực ló bá mi tú kókó rẹ̀. Ó gbé Khiêm mọ́ àyà, wọ́n sì lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ Màmá. Láti ibẹ̀, ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin nìkan la ń rí. Màmá mú ọwọ́ kan jáde nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó gbé e lé ẹ̀yìn mi, níbi tí okùn àpò ti bó mi lára.

"Ṣé ó wúwo?" ó bi mí.

"Rárá, Màmá. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún mi ló ṣe rí."